Ìkọ̀sílẹ̀ Nílẹ̀ Yorùbá: Àwọn Ọ̀nà Tó Wà àti Ipa Agbẹjọ́rò Nínú Wọn

Nígbà tí tọkọtaya bá ti rí i pé àwọn kò lè jọ gbé mọ́, ìmọ̀ràn a máa wọlé láti ìhà gbogbo. Àwọn àgbà ẹbí á ní kí wọ́n wá jókòó nílé. Ọ̀rẹ́ á ní kí wọ́n gba kóòtù ìbílẹ̀ lọ, kí ọ̀rọ̀ lè tètè tán. Ààfáà á ní ohun tí yìgì so, ìlànà yìgì ló yẹ kó tú u. Pásítọ̀ á ní kí wọ́n padà sílé lọ gbàdúrà. Agbẹjọ́rò á sì béèrè ìwé ẹ̀rí ìgbéyàwó kí ó tó sọ ohunkóhun. Olúkúlùkù wọn ló ní ìdí fún ohun tó ń sọ, ṣùgbọ́n ẹni tó gbọ́ gbogbo rẹ̀ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà kò ní mọ èwo ni kí òun mú.

Àgbéyẹ̀wò yìí yóò to àwọn èrò náà sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, yóò wo ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ti lágbára àti ibi tó kù sí, yóò sì sọ ohun tí kò tíì yanjú. Ohun kan ló so gbogbo rẹ̀ pọ̀: kí a tó béèrè ẹni tó jẹ̀bi, ó yẹ kí a kọ́kọ́ béèrè irú ìgbéyàwó tí a ṣe. Owó àti àkókò tí àwọn ènìyàn ń ná dànù lórí ìkọ̀sílẹ̀ sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí wọ́n ti gbé ẹjọ́ lọ síwájú ẹni tí kò ní àṣẹ láti dá a.

Ìgbéyàwó mẹ́ta tí òfin mọ̀

Àkọ́kọ́ ni ìgbéyàwó ìbílẹ̀. Ìdílé méjèèjì pàdé, wọ́n ṣe ìdáná, wọ́n san owó orí, wọ́n sì fa ìyàwó lé ọkọ lọ́wọ́. Èkejì ni yìgì, tí ààfáà so níwájú ẹlẹ́rìí ní ìlànà Ìsìláàmù. Ẹ̀kẹta ni alárédè, tí wọ́n ṣe lábẹ́ Òfin Ìgbéyàwó ní ọ́fíìsì ìjọba tàbí ní ilé ìjọsìn tí ìjọba fún ní ìwé àṣẹ. Méjì àkọ́kọ́ gba ọkùnrin láyè láti fẹ́ ju ìyàwó kan lọ. Alárédè kò gbà á láyè.

Ṣọ́ọ̀ṣì ni ọ̀rọ̀ ti sábà máa ń lọ́jú pọ̀. Kí ìgbéyàwó ṣọ́ọ̀ṣì tó lè di alárédè, tọkọtaya gbọ́dọ̀ ti fi ìfilọ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ akọ̀wé ìgbéyàwó, kí ọjọ́ 21 ti kọjá, kí wọ́n gba ìwé tó fún wọn láṣẹ, kí wọ́n sì ṣe é kí oṣù 3 tó pé láti ọjọ́ ìfilọ̀. Ẹni tó bá gba ìwé àṣẹ pàtàkì láti ọ̀dọ̀ mínísítà nìkan ni kò ní tẹ̀lé ètò yẹn. Ìbùkún orí pẹpẹ láìsí ìwé wọ̀nyí kò sọ ìgbéyàwó ìbílẹ̀ di alárédè, bó ti wù kí aṣọ funfun àti òrùka pọ̀ tó níbẹ̀.

Àbájáde rẹ̀ ṣe kedere. Ilé-ẹjọ́ Gíga ìpínlẹ̀ tàbí ti Àbújá nìkan ló lè tú alárédè ká. Ti ìbílẹ̀ àti ti yìgì wà lábẹ́ àwọn kóòtù ìbílẹ̀, tàbí lábẹ́ àwọn ìlànà tí ẹbí àti ẹ̀sìn là sílẹ̀.

Èrò kìíní: ilé ni kí ó ti parí

Àwọn tó di èrò yìí mú ní ẹbí méjì ló fẹ́ ara wọn, nítorí náà ẹbí méjì náà ló yẹ kó gbọ́ ẹjọ́ kí ẹnikẹ́ni tó gbọ́ ọ. Samuel Johnson, nínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tó jáde ní 1921, kọ ọ́ pé ìkọ̀sílẹ̀ ṣọ̀wọ́n púpọ̀ láàárín àwọn Yorùbá àtijọ́. Bàálé, ìyá ọkọ, àwọn àgbà ilé ìyàwó, olúkúlùkù ló ní ipa nínú ìpẹ̀tù sáàwọ̀. Bí kò bá sì sí àtúnṣe, ìyàwó á padà sílé bàbá rẹ̀, wọ́n á dá owó orí padà, ọ̀rọ̀ á sì tán. Òfin ṣì mọ irú ìtúká bẹ́ẹ̀ fún ìgbéyàwó ìbílẹ̀ títí di òní, kódà bí kóòtù kan kò bá dá sí i.

Agbára ọ̀nà yìí ni pé kò náni lówó púpọ̀, kò gbé àṣírí síta, àwọn tó sì ń gbọ́ ẹjọ́ mọ àwọn méjèèjì dáadáa. Ó tún ń dáàbò bo àjọṣe tí àwọn ọmọ yóò nílò lẹ́yìn ọ̀la, nítorí ẹ̀gbọ́n bàbá àti àbúrò ìyá kò ní yéé jẹ́ ẹbí ọmọ.

Àìlera rẹ̀ pọ̀ bákan náà. Ìmọ̀ràn "fara dà á" ló máa ń borí níbẹ̀, obìnrin ló sì sábà máa ń ru ẹrù ìfaradà yẹn. Níbi tí ìlùkulù bá wà, ìpàdé ẹbí lè dá ẹni tí wọ́n ń lù padà sọ́wọ́ ẹni tó ń lù ú. Òfin VAPP ti 2015 (òfin àpapọ̀ tó de ìwà ipá sí ènìyàn), Òfin Èkó ti 2007 tó de ìwà ipá inú ilé, àti Òfin Èkìtì ti 2011 lórí ìwà ipá bẹ́ẹ̀ wà nítorí pé àwọn aṣòfin rí i pé agbára ẹbí nìkan kò tó. Síbẹ̀, ìtàn náà kò dọ́gba pẹ̀lú èrò pé ìkọ̀sílẹ̀ jẹ́ àjèjì sí wa. Ìwádìí òpìtàn Judith Byfield lórí Abẹ́òkúta ní òpin ọ̀rúndún kọkàndínlógún fi hàn pé àwọn obìnrin kò lọ́ra láti lo kóòtù nígbà tí àǹfààní rẹ̀ ṣí sílẹ̀. Ìyẹn jẹ́ ká rò pé àìsí ọ̀nà àbájáde lè wà lára ohun tó mú kí ìkọ̀sílẹ̀ ṣọ̀wọ́n láyé àtijọ́.

Ti ìjọ náà sún mọ́ èyí. Ọ̀pọ̀ ìjọ Pẹ́ńtíkọ́sì kò fọwọ́ sí kí ẹni tó kọ aya tàbí ọkọ rẹ̀ fẹ́ ẹlòmíràn. Ìjọ Kátólíìkì ní ilé-ẹjọ́ ìjọ tó lè kéde pé ìgbéyàwó kan kò fẹsẹ̀ múlẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, Póòpù Francis sì mú ètò náà rọrùn ní 2015. Ṣùgbọ́n ìkéde ìjọ kò yí ohunkóhun padà nínú ìwé ìjọba. Ẹni tí ìjọ dá sílẹ̀ ṣì jẹ́ ọkọ tàbí aya lójú òfin títí kóòtù yóò fi sọ̀rọ̀.

Èrò kejì: kóòtù ìbílẹ̀ ló sún mọ́ni jù

Ẹni tó bá ń tẹ̀ lé ìròyìn nílẹ̀ Yorùbá mọ orúkọ kóòtù Mápó ní Ìbàdàn àti ti Ìgándò ní Èkó, nítorí ẹjọ́ tọkọtaya láti ibẹ̀ kì í wọ́n nínú ìwé ìròyìn. Ètò wọn kò le. Olùpẹ̀jọ́ á lọ bá akọ̀wé kóòtù, á san owó ìpè, akódà á sì gbé ìwé ìpè lọ fún ẹnì kejì. Ní ọjọ́ ìgbẹ́jọ́, olúkúlùkù á fẹnu ara rẹ̀ sọ tirẹ̀ ní Yorùbá, wọ́n á bi ara wọn ní ìbéèrè, àwọn adájọ́ náà á sì bi wọ́n. Wọ́n sábà máa ń sún ẹjọ́ síwájú kí ẹbí lè tún gbìyànjú, kí wọ́n tó tú ìgbéyàwó náà ká, kí wọ́n sọ ẹni tí ọmọ yóò wà lọ́dọ̀ rẹ̀ àti iye tí bàbá yóò máa san lóṣooṣù.

Ìlànà tí àwọn kóòtù yìí jogún kì í ṣe àṣà ẹnu lásán. Ní 1958, ìjọba Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn gbé òfin kékeré jáde lórí ìgbéyàwó, ìkọ̀sílẹ̀ àti àbójútó ọmọ, èyí tí àwọn ìjọba ìbílẹ̀ lè gbà wọlé. Ó ka àwọn ìdí tí a fi lè tú ìgbéyàwó ká, lára wọn ni ìwà ìkà, àìtọ́jú, àìlè-bá-ara-ẹni-lòpọ̀ àti pípa ara ẹni tì.

Agbára rẹ̀ ni pé owó rẹ̀ mọ níwọ̀n, ó yá, èdè rẹ̀ sì yé gbogbo ènìyàn. Ẹni tí kò lè gba agbẹjọ́rò kò pàdánù ohùn rẹ̀. Àìlera rẹ̀ mẹ́ta ló hàn jù. Àkọ́kọ́, owó ìtọ́jú tí wọ́n ń dá lé bàbá sábà máa ń kéré, ó sì ṣòro láti gbà á bí bàbá bá kọ̀ jálẹ̀. Èkejì, wọn kò ní àṣẹ gbòòrò láti pín dúkìá bíi ti Ilé-ẹjọ́ Gíga. Ẹ̀kẹta, ọ̀rọ̀ inú yàrá a máa di ìròyìn gbogbo ayé, àwọn ọmọ á sì bá a níbẹ̀ bí wọ́n bá dàgbà.

Ewu tó tóbi jù wà fún ẹni tó ṣe alárédè tó sì lọ gba ìdájọ́ níbẹ̀. Asán ni ìdájọ́ náà. Bí ó bá gbẹ́kẹ̀ lé e tó fẹ́ ẹlòmíràn, Òfin Ìwà Ọ̀daràn tí ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ Gúúsù ń lò ka ìyẹn sí ẹ̀ṣẹ̀ tó lè fa ẹ̀wọ̀n ọdún 7. Lóòótọ́, ìjọba kì í sábà gbé irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ lọ sí kóòtù, ṣùgbọ́n ìgbéyàwó tuntun náà kò ní dúró, ọjọ́ tí ogún bá dé ni ọ̀pọ̀ ẹbí sì máa ń ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀.

Èrò kẹta: ohun tí yìgì so, Ṣàríà ni kó tú u

Ìlànà Ìsìláàmù lórí ìkọ̀sílẹ̀ ní ètò tó ṣe pàtó. Súrà kẹrin, ẹsẹ 35 nínú Al-Kùránì pàṣẹ pé kí onílàjà kan wá láti ẹbí ọkọ, kí òmíràn wá láti ẹbí aya. Bí kò bá yọrí sí rere, ọkọ lè kọ ìyàwó sílẹ̀ pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tí ìlànà là sílẹ̀. Ìyàwó náà lè béèrè ìyapa nípa dídá owó ìyàwó padà, tàbí kí adájọ́ tú u ká nítorí ìpalára tàbí àìtọ́jú. Obìnrin tí wọ́n kọ̀ sílẹ̀ ní àkókò ìdúró kí ó tó lè fẹ́ ẹlòmíràn, ọkọ ló sì ń bọ́ ọ lákòókò náà bí ìkọ̀sílẹ̀ náà bá jẹ́ èyí tó ṣì lè yí padà.

Ibi tí ènìyàn ń gbé ló máa sọ ibi tí yóò gbé e lọ. Ní Ìlọrin àti káàkiri Kwara, kóòtù ìjọba tó ń dá ẹjọ́ ní ìlànà Ṣàríà wà, Kóòtù Kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ti Ṣàríà sì wà lókè rẹ̀. Ní àwọn ìpínlẹ̀ mẹ́fà Gúúsù Ìwọ̀-Oòrùn, kò sí irú rẹ̀. Ìgbìmọ̀ Ṣàríà aládàáni, bí irú èyí tó bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 2000, ló ń bá àwọn tó bá fínnúfíndọ̀ wá dá ẹjọ́. Àríyànjiyàn lórí irú ìgbìmọ̀ bẹ́ẹ̀ tún gbóná ní ìbẹ̀rẹ̀ 2025, pàápàá ní Ọ̀yọ́ àti Èkìtì.

Àwọn tó fara mọ́ ọn ní Mùsùlùmí ló pọ̀ láàárín àwọn tó ń wá a, òfin tí wọ́n fi fẹ́ ara wọn ni kí wọ́n fi dá ẹjọ́ wọn. Wọ́n tún tọ́ka sí i pé Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ sọ ní 1998 pé òfin Ìsìláàmù kì í ṣe òfin àṣà, nítorí náà kò yẹ kí kóòtù ìbílẹ̀ máa dá ẹjọ́ yìgì bí ẹni pé ìdáná ni. Àwọn tó ń ṣiyèméjì ní ìgbìmọ̀ aládàáni kò ní akódà, kò ní ọlọ́pàá, ìdájọ́ rẹ̀ kò sì lè mú ẹni tó bá kọ̀ ọ́. Wọ́n tún ń bẹ̀rù pé obìnrin lè fara mọ́ ọn nítorí ìtìjú, kí ó má mọ̀ pé òun lè gba ibòmíràn lọ. Ìhà méjèèjì ní ọ̀rọ̀ gidi lẹ́nu. Ohun tó dájú ni pé ẹni tó so yìgì tó tún ṣe alárédè kò lè fi ìlànà Ṣàríà nìkan tú alárédè náà ká.

Èrò kẹrin: Ilé-ẹjọ́ Gíga àti òfin 1970

Òfin tó ń darí ìkọ̀sílẹ̀ alárédè ni Matrimonial Causes Act ti 1970. Ìdí kan ṣoṣo ló gbà: kí ìgbéyàwó náà ti bàjẹ́ kọjá àtúnṣe. Ṣùgbọ́n olùpẹ̀jọ́ gbọ́dọ̀ fi ìdí ọ̀kan, ó kéré tán, nínú ohun mẹ́jọ tí ìpín 15 kà sílẹ̀ múlẹ̀. Lára wọn ni àgbèrè tí olùpẹ̀jọ́ kò lè fara dà, ìwà tí kò yẹ kí ènìyàn bá gbé, kí ẹnì kejì ti pa á tì fún ọdún 1, kí wọ́n ti gbé lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ fún ọdún 2 tí ẹnì kejì kò sì ta ko ìkọ̀sílẹ̀, tàbí kí wọ́n ti gbé lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ fún ọdún 3.

Ìgbéyàwó tí kò tíì pé ọdún 2 nílò àṣẹ kóòtù kí ẹjọ́ ìkọ̀sílẹ̀ tó lè bẹ̀rẹ̀, àyàfi nínú àwọn ọ̀ràn mélòó kan tí òfin yọ sílẹ̀. Lẹ́yìn tí wọ́n bá gbé ìwé ìpẹ̀jọ́ àti ìwé ìbúra wọlé, tí wọ́n fi lé ẹnì kejì lọ́wọ́, tó sì fèsì tàbí tó dákẹ́, ìgbẹ́jọ́ á wáyé. Ìdákẹ́ tàbí ìfọwọ́sí ẹnì kejì kò tó; adájọ́ gbọ́dọ̀ gbọ́ ẹ̀rí. Ìdájọ́ àkọ́kọ́ ni decree nisi, kò sì tíì tú ìgbéyàwó náà ká tán. Oṣù 3 lẹ́yìn rẹ̀ ni ó ń di àṣekágbá, bí adájọ́ bá ti ní ìtẹ́lọ́rùn nípa ètò àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún 16. Ẹni tó bá ṣe ìgbéyàwó tuntun láàárín oṣù mẹ́ta yẹn ti ṣe ìgbéyàwó tí kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀.

Èrò méjì ló ń bá ara wọn jà níbí. Àwọn kan ní ó dára bí òfin ṣe béèrè ẹ̀rí àṣìṣe tàbí ọdún ìyapa, nítorí ìgbéyàwó kì í ṣe ọjà tí a ń dá padà nígbà tó bá wù wá, ẹni tí wọ́n sì ṣẹ̀ yẹ kó lè sọ ọ́ níwájú adájọ́. Àwọn mìíràn ní òfin yìí ń fipá mú tọkọtaya láti bu ẹ̀tẹ́ lu ara wọn. Wọ́n rán wa létí pé láti inú òfin ilẹ̀ Ọsirélíà ti 1959 àti ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti 1969 ni wọ́n ti fa ọ̀pọ̀ nínú òfin wa yọ. Ọsirélíà pa ìlànà àṣìṣe tì ní 1975. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pa á tì ní oṣù kẹrin 2022: ọ̀sẹ̀ 20 láti ìbẹ̀rẹ̀ ẹjọ́ sí ìdájọ́ àkọ́kọ́, ọ̀sẹ̀ 6 sí àṣekágbá, láìsí pé ẹnikẹ́ni ń fẹ̀sùn kan ẹnikẹ́ni. Ìdáhùn àwọn ti àkọ́kọ́ ni pé ilẹ̀ wọ̀nyẹn ní ètò ìrànlọ́wọ́ ìjọba fún ìyá tó dá wà, tiwa kò sì ní. Ìdáhùn yẹn wúwo, kò sì yẹ ká fi ọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn.

Èrò karùn-ún: kí onílàjà wọlé kí adájọ́ tó wọlé

Òfin 1970 fúnra rẹ̀ ní kí adájọ́ máa ronú nípa ìlàjà. Ó lè sún ẹjọ́ síwájú, ó lè bá tọkọtaya sọ̀rọ̀ ní yàrá rẹ̀, ó sì lè yan ẹnì kan láti bá wọn sọ̀rọ̀; ohun tí wọ́n bá sọ níbẹ̀ kò sì ṣe é lò bí ẹ̀rí. Ní Èkó, Multi-Door Courthouse tó bẹ̀rẹ̀ ní 2002 àti Citizens' Mediation Centre ti mú kí ìlàjà di iṣẹ́ tó ní ilé àti òṣìṣẹ́. Arbitration and Mediation Act ti 2023 sì fún àdéhùn tí ìlàjà bí ní ìdúró tó lágbára sí i nínú òfin.

Ìlàjà méjì ló wà, ó sì yẹ ká yà wọ́n sọ́tọ̀. Ọ̀kan ń wá bí tọkọtaya yóò ṣe padà sọ́dọ̀ ara wọn. Èkejì ti gbà pé wọn yóò ya, ó ń wá bí wọn yóò ṣe ya láìba ọmọ àti dúkìá jẹ́. Èkejì yìí ló ń so èso jù níbi tí àwọn méjèèjì bá lè sọ̀rọ̀ láìbẹ̀rù. Níbi tí ẹnì kan bá ń bẹ̀rù ẹnì kejì, tàbí tí ẹnì kan bá fi owó pamọ́, àdéhùn tó bá jáde lè dà bí èyí tó dọ́gba kí ó má sì dọ́gba rárá.

Agbẹjọ́rò: jagunjagun, onílàjà, àbí ẹni tí kò pọn dandan?

Lórí agbẹjọ́rò náà, èrò kò ṣọ̀kan. Àwọn kan fẹ́ agbẹjọ́rò tó le bí igi ìrókò, tí kò ní gbà fún ẹnì kejì lórí ohunkóhun. Irú rẹ̀ wúlò nígbà tí ẹnì kejì bá ń sá fún ẹjọ́, tó ń ta dúkìá lábẹ́lẹ̀, tàbí tó gbé ọmọ sá. Ṣùgbọ́n ìjà gígùn ń jẹ owó tí wọ́n ìbá pín, ó sì ń sọ àwọn ọmọ di ẹlẹ́rìí. Àwọn mìíràn fẹ́ agbẹjọ́rò tó ń wá àdéhùn. Òfin fara mọ́ ìyẹn: agbẹjọ́rò olùpẹ̀jọ́ gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí ìwé pé òun ti bá oníbàárà òun sọ̀rọ̀ nípa ìlàjà. Àìlera tirẹ̀ ni pé ẹni tó ń yára wá àdéhùn lè fi ẹ̀tọ́ oníbàárà sílẹ̀ kí ọ̀rọ̀ lè tètè tán. Ẹgbẹ́ kẹta ní kò pọn dandan. Ní kóòtù ìbílẹ̀, òótọ́ ni fún ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ní Ilé-ẹjọ́ Gíga, àwọn ìwé àti ìlànà pọ̀ débi pé àṣìṣe kékeré lè dá ẹjọ́ padà sí ìbẹ̀rẹ̀.

Ohunkóhun tí ènìyàn bá yàn, àwọn nǹkan kan wà tí kò sí àríyànjiyàn lórí wọn. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ agbẹjọ́rò rere ni láti sọ irú ìgbéyàwó tí ẹ ṣe àti kóòtù tó ní àṣẹ lórí rẹ̀. Nítorí náà, ẹ mú ìwé ẹ̀rí ìgbéyàwó, ìwé ìbí àwọn ọmọ, ìwé ilẹ̀ àti ilé, rìsíìtì owó ilé-ìwé àti àkọsílẹ̀ báńkì dání. Ẹ sọ òótọ́ tó ń tini lójú fún un pẹ̀lú, nítorí ìpín 192 nínú Òfin Ẹ̀rí ti 2011 dáàbò bo ohun tí oníbàárà bá sọ fún agbẹjọ́rò rẹ̀ nítorí iṣẹ́, àyàfi bí ó bá jẹ́ láti fi hùwà ọ̀daràn. Àṣírí tó kọ́kọ́ jáde láti ẹnu agbẹjọ́rò ẹnì kejì ló ń ba ẹjọ́ jẹ́ jù.

Agbẹjọ́rò kan ṣoṣo kò lè ṣojú ọkọ àti aya, bó ti wù kí wọ́n gbọ́ ara wọn yé tó. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ owó iṣẹ́ sílẹ̀: ohun tó wà fún ìmọ̀ràn, fún ìwé kíkọ, fún ìfarahàn kọ̀ọ̀kan ní kóòtù, àti fún owó tí kóòtù fúnra rẹ̀ ń gbà. Ẹni tó bá ṣèlérí pé dandan ni kí ẹ borí, tàbí tó ní ẹ jẹ́ kí a hùmọ̀ àgbèrè tí kò ṣẹlẹ̀ kí ẹjọ́ lè yá, ẹ sá fún un. Òfin gba kí tọkọtaya fohùn ṣọ̀kan lórí ọmọ àti owó, ṣùgbọ́n kò gba kí wọ́n jọ tan kóòtù jẹ. Ẹni tí kò ní owó lè béèrè lọ́dọ̀ FIDA, ẹgbẹ́ àwọn obìnrin agbẹjọ́rò tó ń ran obìnrin àti ọmọdé lọ́wọ́ lọ́fẹ̀ẹ́, lọ́dọ̀ Legal Aid Council, tàbí ní Èkó lọ́dọ̀ Office of the Public Defender.

Ọmọ àti dúkìá: ibi tí gbogbo ọ̀nà ti ń pàdé

Lórí ọmọ, òfin ti sún mọ́ ìṣọ̀kan. Àṣà ní ti bàbá ni ọmọ. Òfin 1970 ní ire ọmọ ni kó borí, Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ tẹnu mọ́ ọn ní 1987, Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti 2003 sì sọ ọ́ di ìlànà gbogbogbòò. Kóòtù ìbílẹ̀ náà ti ń tẹ̀ lé e, pàápàá fún àwọn ọmọ kéékèèké. Ohun tó kù ni ìmúṣẹ: ìdájọ́ lórí ìwé kò san owó ilé-ìwé.

Lórí dúkìá, ìyàtọ̀ ṣì jìn. Fún alárédè, ìpín 72 fún adájọ́ láṣẹ láti pín dúkìá bó bá ṣe tọ́ tó sì yẹ. Ní 1986, Kóòtù Kò-tẹ́-mi-lọ́rùn gbà pé ìrànlọ́wọ́ tí ìyàwó ṣe fún ọkọ nínú òwò rẹ̀ lè fún un ní ìpín, kódà bí orúkọ rẹ̀ kò bá sí lórí ìwé. Ní 1992, Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ dá ìyàwó tó ṣe ìgbéyàwó ìbílẹ̀ lẹ́bi nítorí pé kò lè ṣàlàyé ní kúlẹ̀kúlẹ̀ ohun tó dá sí ilé tó ní òun bá ọkọ òun kọ́. Láàárín ìdájọ́ méjèèjì ni ọ̀pọ̀ obìnrin Yorùbá wà. Wọ́n ra sìmẹ́ǹtì, wọ́n bọ́ òṣìṣẹ́, wọ́n fi èrè ọjà san owó ilé-ìwé kí ọkọ lè rí owó kọ́lé, wọn kò sì tọ́jú rìsíìtì kankan, nítorí ọkọ wọn ni wọ́n ń ràn lọ́wọ́.

Fún àwọn tó wà lókè òkun, ọ̀rọ̀ tún gùn sí i. Kóòtù Nàìjíríà nílò kí olùpẹ̀jọ́ ní ibùgbé òfin rẹ̀ ní Nàìjíríà. Bí ìkọ̀sílẹ̀ bá sì ti wáyé níbí, ó lè má parí níbí. Ní oṣù kẹta 2010, Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ nílùú London fọwọ́ sí i pé kí aya tí kóòtù Èkó ti dá ẹjọ́ ìkọ̀sílẹ̀ rẹ̀ tún gba owó ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tó ń gbé, lábẹ́ òfin ibẹ̀ ti 1984. Ẹni tó bá ní dúkìá tàbí ẹbí ní ilẹ̀ méjì nílò ìmọ̀ràn láti ilẹ̀ méjèèjì kí ó tó gbé ẹsẹ̀ kankan.

Ohun tí kò tíì yanjú

Ìbéèrè mẹ́rin ló ṣì wà nílẹ̀. Àkọ́kọ́, bí Ilé-ẹjọ́ Gíga bá tú alárédè ká, kí ló ṣẹlẹ̀ sí ìdáná tó ṣáájú rẹ̀? Àwọn kan ní ó ti wọ inú alárédè lọ, wọ́n sì jọ tú ká ni. Àwọn mìíràn ní ẹbí gbọ́dọ̀ tú ti ìdáná lọ́tọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ìfọ̀kànbalẹ̀ lè ṣe méjèèjì. Èkejì, báwo ni a ó ṣe díwọ̀n iṣẹ́ ilé, ọmọ títọ́ àti owó ọjà tí kò ní rìsíìtì? Ìdájọ́ kan ń sún síwájú, òmíràn ń fà sẹ́yìn. Ẹ̀kẹta, ṣé kí Nàìjíríà pa ẹ̀rí àṣìṣe tì, nígbà tí àwọn orílẹ̀-èdè tí a ti fa òfin wa yọ ti ṣe bẹ́ẹ̀? Ẹ̀kẹrin, níbo ni ẹjọ́ yìgì yẹ kó wà ní Gúúsù Ìwọ̀-Oòrùn, bí Ṣàríà kì í bá ṣe òfin àṣà tí kò sì sí kóòtù ìjọba fún un?

Ìkẹta àti ìkẹrin wà lọ́wọ́ àwọn aṣòfin. Àkọ́kọ́ àti ìkejì wà lọ́wọ́ àwọn adájọ́, ìkejì ló sì ń dùn mí jù, nítorí pé ojoojúmọ́ ló ń sọ obìnrin tó bá ọkọ kọ́lé di ẹni tó ń wá yàrá háyà. Kí àwọn aṣòfin àti adájọ́ tó gbọ́, ohun kan wà tí tọkọtaya lè ṣe fúnra wọn nígbà tí ilé ṣì tòrò: kí wọ́n mọ irú ìgbéyàwó tí wọ́n ṣe, kí wọ́n sì kọ orúkọ àwọn méjèèjì sórí ohun tí àwọn méjèèjì jọ rà.